Orúkọ Tí Rosenda Fẹ́ Kọ Sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí Rosenda Palmares ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀ ní ìlú Iloilo ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi bá ọ̀gá kan ránṣọ, ọ̀gá náà kò sì forúkọ òṣìṣẹ́ kankan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba rí. Rosenda búra pé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé fọ́ọ̀mù owó-orí òṣìṣẹ́, èyí tí ìjọba fi ń san owó ìfẹ̀yìntì, wá fún Delfina àti Basilia tí wọ́n ń bá a ránṣọ. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á mọ o. Ẹ mú ìwé ìbí yín wá."

Delfina mú tirẹ̀ wá lójú ẹsẹ̀. Basilia ní òun gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òjò wọnú àpótí. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ọkọ òun ló gbé e lọ.

"Ọkọ wo?" ni Delfina bi í. "Ìwọ tó o ní gbogbo ọkùnrin ń rùn!"

Rosenda kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ṣí abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀, ó dé e padà láìtọ́ ọ wò.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó fa Basilia lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Àbúrò mi, kí lo ṣe? Sọ fún mi kí n tó ya wèrè."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n, Basilia kọ́ lorúkọ mi. Lumen ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni Basilia. Wọn ò kọ ìbí tèmi sílẹ̀ rárá, ìwé tiẹ̀ ni mo fi ń wáṣẹ́."

Rosenda rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Bí òun bá kọ orúkọ òkú sílẹ̀, ta ló máa mọ̀?

"Tó o bá darúgbó ńkọ́?" ló béèrè nígbẹ̀yìn. "Òkú ni wọ́n máa san ẹ̀tọ́ rẹ fún?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, orúkọ Delfina nìkan ló kọ. Ó là á mọ́lẹ̀ fún akọ̀wé ìjọba pé ó ku ẹnì kan tí kò ní ìwé ìbí. Akọ̀wé wò ó sùn-ùn. "Ẹ lọ forúkọ ìbí ẹ̀ sílẹ̀ ná, màmá. Tíwèé bá jáde, ẹ wá fi kún un."

Ìyá Lumen wọ ọkọ̀ ojú omi wá jẹ́rìí sí ìbí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, kí ìwé náà tó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Delfina pariwo, "Lumen! Lumen! Àbí o ti dití ni?"

Lumen ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí sókè. "Èmi lò ń pè?"

Rosenda ti kó fọ́ọ̀mù àti ìwé ìbí náà dání, ó ti wà lójú pópó, ó ń lọ bá akọ̀wé.