Ikọ́ Tó Gun Kilimanjáró

Kò sí òkè kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìlú náà látòkè, àfi kó gun ilé alájà mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀, kó sì múra àtiṣàlàyé ara rẹ̀ fún onílé. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni Walter Odùbánjọ ti di ọ̀gá nínú ìmọ̀ òkè.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní jíógíráfì ní Odogbolu. Ògiri pálọ̀ rẹ̀ kún fún kàlẹ́ńdà àtijọ́, tí ọjọ́ inú wọn ti kọjá lọ ṣùgbọ́n tí òkè inú wọn kò tíì kúrò lójú kan: Ẹ́fẹ́rẹ́sìtì, òkè Kamẹrúùnù, Chappal Waddi ti Tàràbà, àti Kilimanjáró, ààyò rẹ̀, tó ga ní mítà 5,895. Ó mọ ọ̀nà tóóró Khyber, tí àwọn oníṣòwò àti ọmọ ogun fi ń la àárín òkè kọjá láti Pakísítánì lọ sí Afuganísítánì, bí ẹni pé ibẹ̀ ló máa ń gbà lọ sọ́jà Òkè-Ajé.

Bó ṣe di ẹni tó gun Kilimanjáró kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1989, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mùínátù nàwọ́ sókè ní kíláàsì.

"Sà, ṣé ẹ ti gùn ún rí?"

Eruku ṣọ́ọ̀kì ló wọ Walter lọ́fun. Ó húkọ́. Kíláàsì gbà á sí bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ọ̀fun rẹ̀ tó là, ó ti dé orí òkè, ó ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti ń bi í bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí. Olùkọ́ ni, ó dá wọn lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni òkìkí rẹ̀ ti ń kàn. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan láti Ayépé tilẹ̀ wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ gun òkè náà ní tòótọ́. "Máa rìn díẹ̀díẹ̀," ni Walter wí fún un, "máa mu omi dáadáa. Bí orí bá ń fọ́ ẹ, sọ̀ kalẹ̀." Ọmọkùnrin náà lọ, ó bọ̀ láyọ̀, ó sì ń sọ kiri pé Tísà ló kó òun yọ. Mọ́ṣádé, ìyàwó Walter, nìkan ló mọ̀ pé ibi tó ga jù tí ọkọ òun gùn rí ni àjà ilé wọn, nígbà tí ológbò bímọ síbẹ̀, àti pé ó kígbe pé kí wọ́n bá òun di àkàbà mú.

Lọ́dún tó kọjá ni Gíwá, olórí regbérégbé Walter, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, kú. Nínú ẹgbẹ́ náà, ẹnì kankan kì í ṣáájú Gíwá lójú ọ̀nà. Bí Gíwá kò bá sì tíì jókòó, ẹnì kankan kì í jókòó. Walter fẹ́ ipò yìí dójú ikú. Alájì Ràsákì oníṣòwò táyà náà fẹ́ ẹ. Ràsákì ni ọkọ Mùínátù, ikùn rẹ̀ a sì máa dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ gun òkè Ìdànrè," ni Ràsákì wí ní ìpàdé. "Walter ni kó ṣe adelé Gíwá lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gun Kilimanjáró, kí ni Ìdànrè jẹ́ lójú ẹ̀? Bó bá mú wa dókè, kó máa ṣe Gíwá lọ. Bí ò bá mú wa dé, èmi rèé."

Walter wá ikọ́ tì.

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, Bàbá Ayọ̀tọ̀," ni Mọ́ṣádé gbà á nímọ̀ràn.

"Ẹsẹ̀ ò dùn mí."

"Á dùn yín tẹ́ ẹ bá débẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ládùúgbò, títí onílé fi bi í pé ta ló ń wá.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn mẹ́tàdínlógún dé Ìdànrè pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ lórí. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Ní ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, wọ́n ń kọrin. Ní ọgọ́rùn-ún kejì, orin náà ku ẹlégbè. Nígbà tó fi máa di ìkẹta, ìró mímí nìkan ló kù. Níbi tí àpáta méjì ti há ọ̀nà mọ́, Walter fara ti àpáta. Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Ìkùukùu rọ̀ mọ́ àwọn òkè yòókù lọ́rùn, orí wọn nìkan ló yọ, òrùlé ilé sì kéré bí èépá. Kò sí kàlẹ́ńdà tó sọ fún un pé ohun tó lẹ́wà báyìí lè dẹ́rù ba èèyàn tó báyìí. Ó dúró gbagidi.

"Walter, kí ló dé?" Ràsákì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mò ń wòran."

"Jókòó wò ó, jọ̀ọ́. Tó ò bá jókòó, a ò lè jókòó."

Orúnkún Walter náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun kan. "Ta ni mo jẹ́?" ló bi í.

"Òpùrọ́ ni ẹ́! Mùínátù ti sọ fún mi tipẹ́. Ikọ́ lo hú lọ́jọ́ náà!"

Walter bojú wẹ̀yìn. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù wà lẹ́yìn wọn gan-an. "Pariwo ẹ̀ kí wọ́n gbọ́," ló wí.

"Èémí wo ni mo fẹ́ fi pariwo?"

"Alájì!" Haneef, akọ̀wé ẹgbẹ́, ké láti ẹ̀yìn. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú? Ẹsẹ̀ mi ti kú o!"

Ràsákì fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú. Òógùn ti rin fìlà rẹ̀ gbingbin. "Gíwá," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó."

Walter fi sùúrù ka ení dé àrún, bó ti máa ń ṣe fún kíláàsì aláriwo, ó sì jókòó. Ìdí mẹ́tàdínlógún bá àpáta pàdé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ràsákì fúnra rẹ̀ ló là á yé wọn pé ibi tí Gíwá bá jókòó sí ni òkè parí sí. Kò sẹ́ni tó lágbára àtijiyàn. Nígbà tí Gíwá dìde, ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ àpáta kó lè kọjá síwájú, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Nínú ọkọ̀ ni Mùínátù ti pe ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete nínú fóònù.

"Alájì, ṣé ẹ dé ṣóńṣó òkè?"

Ràsákì wo Gíwá. Gíwá ń wo ìta.

Ràsákì húkọ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Mùínátù wí. "Mo mọ ikọ́ yẹn."