Pùrósẹ́sọ̀ Inú Páálí Ìṣáná

Kí n tètè sọ ọ́ kó tán: èmi ni mo ba lápútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Kì í ṣe iná, kì í ṣe ayé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń gbé yàrá kan ní Egan nígbà yẹn. Aṣọ ló ń rán ní Ìgàndò, ó dẹ̀ ń lọ sílé ìwé ní Sátidé. Àlòkù ni lápútọ́ọ̀pù yẹn nígbà tó rà á, ó wúwo bí òkúta, ṣùgbọ́n òun ló fi ń tẹ pọ́rójẹ́ẹ̀tì tó máa fi jáde. Ó ku bí oṣù kan tó máa fi sílẹ̀ fáwọn olùkọ́ ẹ̀. Èmi ní tèmi, mò ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùmánáàkì, èyí tó ní fọ́tò tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri. Ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́bàá ilé wa ti ní kí n ṣe ti ìkórè wọn. Tí mo bá ti ṣí fọ́tò méjì pọ̀ báyìí, lápútọ́ọ̀pù á dákẹ́, á máa wò mí. Inú á bí mi. Inú máa ń tètè bí mi, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Mo ní kí n pààrọ̀ pùrósẹ́sọ̀ ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó fi ń ronú. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá.

"Má tú u. Jẹ́ kí n fi pọ́rójẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀ ná. Ọjọ́ tí mo bá fi sílẹ̀, gbé e, ó ti di tìẹ."

Oṣù kan péré ni kí n fi dúró o. Mi ò dúró. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e, ó di Ìkòtún.

Àáfà kan wà níbẹ̀ tó ń tún lápútọ́ọ̀pù ṣe, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń dúró wo iṣẹ́. Wọn ò gbowó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà ò pe ara mi ní ọmọ iṣẹ́. Wọ́n tú ìdí lápútọ́ọ̀pù, wọ́n kó pùrósẹ́sọ̀ méjì sórí tábìlì.

"Èyí yá ju tìẹ lọ díẹ̀, ooru wọn dọ́gba. Èkejì yìí yá gan-an, ṣùgbọ́n inú lápútọ́ọ̀pù ńlá ni mo ti yọ ọ́. Ó máa ń gbóná. Fáànù tìẹ ò lè fẹ́ ẹ kó tutù."

"Àáfà, mo ti kà nípa ẹ̀ lórí fóònù. Ẹsẹ̀ tó fi ń wọ bọ́ọ̀dù bá tèmi mu. Ó máa wọlé."

"Ó máa wọlé, mo gbọ́. Àlejò náà máa ń wọlé, ṣé gbogbo àlejò ló ń jẹ́ kí onílé sùn? Mú kékeré, ẹ̀ǹjìníà orí fóònù."

Àwọn méjì tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe mí. Mo ní ńlá ni mò ń rà, àbí wọn ò fẹ́ tà ni? Wọ́n fi sí i. Àṣà ibẹ̀ ni pé tó o bá ra òmíràn, wàá fi ti àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó. Àáfà ò fẹ́ gba tèmi.

"Mú u dání lọ sílé. Lo ńlá yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan ná. Tí kò bá gbóná, kó o wá gbé èyí fún mi."

Mo jù ú sórí tábìlì. "Ẹ máa mú u jàre. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Mi ò dágbére tí mo fi jáde.

Ká sòótọ́ ṣá, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i.

"Kí lo ṣe fún un? Ó ti yá."

"Eruku inú ẹ̀ ni mo gbá."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ, àbúrò mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ò ní bàjẹ́."

Mo ṣe àmín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra ẹ̀. Tó o bá fọwọ́ kan ìdí ẹ̀, àfi bí áyọ́ọ̀nù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń lọ aṣọ. Òun rò pé iná tí ò dúró ni. Mo gbé e sórí agolo mílíìkì méjì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀, mò ń fi páálí fẹ́ ẹ. Mo mọ ohun tó kàn: kí n padà sí Ìkòtún lọ tọrọ ti àtijọ́. Mo tiẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró sí òdìkejì títì, mò ń wo Àáfà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu nǹkan. Mo rántí "ẹ̀ǹjìníà orí fóònù", mo bá yí padà. Tí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹ̀rín lásán, ẹ wò ó.

Sọ́ńdè kan ló kú pátápátá, ẹ̀gbọ́n mi wà ní orí kẹrin pọ́rójẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Òórùn kan jáde, bí ike tó jóná. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, torí ó gbà pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kejì àwa méjèèjì jọ lọ sí Ìkòtún. Àáfà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mi orí. Bọ́ọ̀dù tó gbé gbogbo ẹ̀ dúró ti jóná. Wọ́n wá fa dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n mú páálí ìṣáná kan jáde, wọ́n ṣí i. Pùrósẹ́sọ̀ mi àtijọ́ ló wà nínú òwú.

"Àwọn oníbàárà bi mí pé ṣé mò ń tà á, mo ní rárá. Mo rò pé wàá wá lọ́jọ́ kejì. Mo tún rò pé wàá wá lọ́jọ́ kẹta."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wo páálí náà, ó wò mí.

"Eruku kọ́ lo gbá."

"Ẹ má bínú, àǹtí mi."

"Mo dẹ̀ ṣàdúrà fún ẹ."

Ibi tí lápútọ́ọ̀pù ń kó nǹkan pamọ́ sí ò jóná, Àáfà bá a kó gbogbo ohun tó ti tẹ̀ sínú fláàṣì, wọn ò gba owó kankan. Ṣùgbọ́n káfẹ̀ oníkọ̀ǹpútà tó ti lọ ń parí ẹ̀, èèyàn máa ń tò síbẹ̀ ni, kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á ti kọjá. Odidi ọdún kan ló tún fi dúró. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ wọ gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, wọ́n ya fọ́tò. Òun ló rán aṣọ tí méjì nínú wọn wọ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ tó wá fi pọ́rójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀, mo wà nílé. Ó wọlé, ó fa òkú lápútọ́ọ̀pù yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e síwájú mi.

"Mo ní ọjọ́ tí mo bá fi sílẹ̀ ló máa di tìẹ."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ti ṣèlérí ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.