Tápà ni Orúkọ Ilé Wa

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà tó wọ Àpòmù láti Ìkirè. Èmi ni mo wa mọ́tò, bàbá mi jókòó tì mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn kúrò ní ọsibítù ni. Ìròyìn ajínigbé ti gba ìgboro kan nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọ̀nà sì ti gbé igi dábùú títì. N ò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ìbọn ṣakabùlà wà lọ́wọ́ ẹni tó wá síbi fèrèsé.

Ó bi bàbá mi léèrè orúkọ. Orúkọ ìdílé ni bàbá mi fi dá a lóhùn: "Tápà."

Àyà mi já. Bàbá mi ní orúkọ ìjọ, wọ́n sì ní oríkì tí wọn ì bá fi dá a lóhùn. Ọ̀dọ́ náà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní àlejò ló wà nínú mọ́tò. Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá mi rọra ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí ọjà Àpòmù ń pe èrò láti ibi gbogbo, baba baba bàbá mi ru káún wá láti òdìkejì Odò Ọya, ó fẹ́ ọmọ onílẹ̀, kò sì padà mọ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò yí lẹ́nu àwọn aládùúgbò, ni wọ́n bá ń pè é ní Tápà. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ iléèwé, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kọ ọ́. Bàbá mi ní àwọn tó ń jẹ́ Gàm̀bàrí náà wà nítòsí wa, tí wọn ò gbọ́ Haúsá rárá.

"Ẹ sọ èdè Tápà ká gbọ́," ni oníbọn wí.

Ibẹ̀ lẹ̀rù wá bà mí jù. Bí bàbá mi bá gbọ́ ọ, àlejò ni wọ́n. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, wọ́n parọ́.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù nílé wa," ni bàbá mi wí. "Ndakó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe bàbá àgbà."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n ń tú àpò oògùn.

Obìnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko ló rí wa. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó wá kọjú sí wọn.

"Ilé bàbá yìí ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Kí lẹ ń fi aláìsàn ṣe nínú oòrùn?"

Wọ́n mọ obìnrin náà dáadáa, wọ́n sì gbé igi kúrò. Oníbọn ní ká má bínú, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára wa títí a fi lọ.

Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, ó ní òun máa lọ sí kóòtù lọ pa orúkọ dà nítorí àwọn ọmọ òun. Bàbá mi ò bá a jà. Wọ́n ní kí kálukú ṣe ohun tó máa jẹ́ kó rí oorun sùn. Ó pa á dà lóòótọ́.

Èmi ò pa tèmi dà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá fẹ́ rìnrìn àjò, mo máa ń ní kí wọ́n ka oríkì ìdílé ìyá àgbà wa, ọmọ onílẹ̀ Àpòmù tí Tápà fẹ́, létí mi. Bí èyí àbíkẹ́yìn bá fo ìlà kan, màá ní kó tún un bẹ̀rẹ̀.