Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Mọ Igi Gbígbẹ

Ẹ sún mọ́ mi. Ìtàn tèmi yìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì sí ọba tó fẹ́ fọmọ ẹ̀ fún ọkọ. Igi ìdáná ló wà níbẹ̀, àti àbígbẹ̀yìn mi obìnrin tó ń tà á.

Láti kékeré ni kò ti lè rí igi kó má fẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Bí mo bá ń la igi lẹ́yìnkùlé, á gbé èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là, á fi ojú ibi tí àáké gbà kọjá lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dijú. "Èyí tutù, Màámi. Omi ṣì wà nínú ẹ̀." Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, igi ló máa fẹ́ ẹ!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Àmọ́ èyí tó bá yọ sọ́tọ̀, tí mo bá ṣorí kunkun fi dáná, omijé èéfín ni n ó máa nù títí oúnjẹ á fi jinná.

Ó dàgbà, ó di onígi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń kó igi fún ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí bàbá oníbúrẹ́dì fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin gba ipò. Ìyẹn ra ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, eyín méjì ló ní lẹ́nu. Tó bá ti gún un mọ́ igi, nọ́ńbà á yọ. Bí nọ́ńbà bá kọjá ogún, igi ò tíì gbẹ, èéfín ẹ̀ á ba búrẹ́dì jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ mi jọ kó igi lọ. Òjò wẹliwẹli kan ti pa á lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà gún ẹ̀rọ mọ́ igi wa lára: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó gún un mọ́ ti onígi mìíràn, tí wọ́n ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láti àná: mẹ́rìnlá.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ kó tiyín padà. Láti òní lọ, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni n ó ti máa rà."

Ọdún mẹ́sàn-án! Mo ti tún ìró mi ró kí n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, ọmọ mi fà mí lọ́wọ́.

"Àbúrò mi, ara ẹ̀ lo gún yẹn. Òjò tó pa tiwa ò tíì pé wákàtí kan. Tìyẹn, iná ààrò ló yan ara ẹ̀ gbẹ. Bá mi wá àáké."

"Àáké kẹ̀?"

"Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá búrẹ́dì jinná, ṣé ẹ̀yìn ẹ̀ lo máa ń wò ni, àbí o máa bù ú?"

Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àáké wá.

Wọ́n ní òkèèrè la ti ń wo igi ganganran. Ti ìdáná o, inú ẹ̀ la ti ń wò ó. Ọmọ mi la igi onígi kejì, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó tutù." Ẹ̀rọ ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó la tiwa. "Ó gbẹ." Mẹ́rìndínlógún. Ó la òmíràn. "Ó gbẹ." Mẹ́tàdínlógún. Mo ti ń jó díẹ̀díẹ̀ níbi tí mo dúró. Ó wá la ẹ̀kẹta tiwa, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Èyí ò gbẹ." Tiwa o! Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo fi ìgúnpá gún un. "Ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Màámi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kì í ṣojúsàájú."

Ọmọkùnrin náà ṣa igi tó jù nù, ó gún un: mẹ́tàlélógún. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọmọ mi.

"Àǹtí, ká ní ẹ dákẹ́ ni, ǹ bá má mọ̀."

"Ààrò á mọ̀."

Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n já igi wa sábẹ́ àtíbàbà. Láti ọjọ́ náà, kò sígi tí wọ́n ń gún níbẹ̀ láìkọ́kọ́ là á, ọwọ́ ọmọ mi ni wọ́n sì ti ń rà á dòní. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣì ń pè é ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, àmọ́ bí ẹni pé oyè ni wọ́n ń pè é báyìí.

Bí mo bá ń kọjá nílé búrẹ́dì, mo máa ń gbójú sókè wo èéfín wọn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ojú ò ní tà ọ́. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò báà má mọ̀ mí rí, n ó sọ fún un pé: "Igi ọmọ mi nìyẹn."