Ìka Mẹ́ta Lórí Sìmẹ́ǹtì

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìrẹ̀sà ni wọ́n fi dán mi wò. Ọkọ́ ló ṣá a lójúgun, egbò náà sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdánwò àṣekágbá wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, apá tí a máa ń fọwọ́ ṣe lójú olùdánwò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, bó ti wù kó mọ̀wé tó, yóò dúró di oṣù mẹ́fà kó tó tún un ṣe.

Mo fọwọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ ti di ohun ọ̀wọ́n láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀. Wọ́n máa ń fọ èyí tí a bá ti lò ni, wọ́n á sè é, wọ́n á fọ́n pọ́dà sí i. Olùdánwò, ìyá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ti kìlọ̀ pé ti ọ̀tún kan àti ti òsì kan péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo ń sún mọ́ ibùsùn nígbà tí bàbá náà gbórí sókè.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Kí n tó mọ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí i, ọwọ́ ọ̀tún mi ti lọ sílẹ̀ bó ṣe máa ń lọ láti kékeré.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ọ̀yọ́ lèyí! Àwọn yòókù, bí igi ni wọ́n ń dúró."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo nu egbò náà, mo dì í. Olùdánwò kọ nǹkan sílẹ̀. Ìgbà tí mo ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ni mo rí ohun funfun lórí ìka mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pọ́dà. Ó sì lè jẹ́ eruku ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ìbọ̀wọ́ tó bá sì ti kanlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan egbò mọ́.

Èsì ku ọ̀sẹ̀ kan, mo bá wọ Pijó lọ sílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú ọkọ̀, mo ń ya ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi sún mọ́ ilẹ̀. Bóyá ó kàn án ni n kò lè búra sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fín igbá. Mo kí i, mo yẹ ìka mi wò. Mo jáde, mo wọlé, mo tún kí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé igbá sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fi mí joyè ni, tí n kò gbọ́?"

Ìka mi kanlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn kò fìdí ohunkóhun múlẹ̀, nítorí n kò wọ ìbọ̀wọ́ nílé. Ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìwé tí ìyá yẹn kọ lò ń rò," ó bi mí, "àbí ojúgun bàbá yẹn?"

"Ìwé ni, sà."

Òótọ́ ni mo sọ, ojú sì tì mí bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Bàbá mi fẹ́ èérún igbá dànù. "Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lọ́wọ́ mi, oníbàárà lè má rí i. Èmi ti rí i." Kò sọ pé kí n padà lọ wo bàbá náà. Àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá mi ní gáréèjì.

Bàbá Ìrẹ̀sà ń run orín nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ó ń san. Bí o ṣe jáde báyìí ni ìyá yẹn ní kí wọ́n tú u. Wọ́n tún un wẹ̀, wọ́n tún un dì. Mo ní, 'Kí lọmọ yẹn ṣe?' Ó ní, 'Ó kí yín ni.'"

Ọkàn mi balẹ̀ nípa ẹsẹ̀ náà. Ti ìwé kò balẹ̀. Mo rò ó pé kí n kúkú padà, ìyá náà ti mọ̀, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Síbẹ̀ mo kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ọwọ́ mi kanlẹ̀, mà. Mi ò sọ."

"Mo rí i. Mò ń retí kí o ní kí n fún ẹ ní òmíràn."

"Ẹ ní ti ọ̀tún kan, ti òsì kan péré, mà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ṣí. Ìbọ̀wọ́ mẹ́rin wà níbẹ̀, nínú bébà tí wọ́n fi sè wọ́n. "Ṣé o bèèrè?"

Orúkọ mi kò sí lára àwọn tó yege lórí pátákó lọ́sẹ̀ náà. Lílọ tí mo lọ bá a kò yí máàkì kankan padà, n kò sì lè sọ pé n kò retí pé yóò yí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyá arúgbó kan ni wọ́n tún fi dán mi wò. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa kí n tó sún mọ́ omi ìfọwọ́. Bí mo ṣe wọ ìbọ̀wọ́ tán, ó tún ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, mà."

Orúnkún mi tẹ̀. Ọwọ́ mi dúró sókè.