Èéfín Ọjọ́ Àlejò

Kí Ìdíátù tó mọ orúkọ ara rẹ̀ ló ti mọ ohùn ẹ̀rọ ìlọta. Pù-pù-pù-pù ni ẹ̀rọ náà máa ń ké ní Ṣáṣá, ìyá rẹ̀ a pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, a sì máa da ata sí ẹnu ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ké, ọmọ á sùn. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ọmọ á figbe ta. Àwọn aládùúgbò a máa ṣàwàdà pé Ràbíátù ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti bímọ fún ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣàwàdà ni èéfín dúdú tí ìyá àti ọmọ jọ ń fà símú, nítorí pé nígbà náà, èéfín kò tíì di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ ṣèpàdé lé lórí. Èéfín lásán ni.

Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, ó sì ríṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò yunifásítì aládàáni kan lọ́nà Ìgàndó. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n pè é. Ìgbà díẹ̀ náà ti ń wọ ọdún kẹfà. Ní yunifásítì yẹn, ìgbà díẹ̀ a máa pẹ́ ju ìgbà pípẹ́ lọ.

Ìlérí kan wà láàrin òun àti ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún un ní ìwé, tó di òṣìṣẹ́ gidi, Ràbíátù yóò fi ẹ̀rọ sílẹ̀, yóò lọ jókòó sílé. Ikọ́ ti wọ màmá láyà. Dókítà ti ní kó jìnnà sí èéfín. Màmá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí dókítà bá òun sọ ọ́ fún ata náà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìbéèrè kan náà ni yóò bi ọmọ rẹ̀.

"Ìdí, ìwé ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, Màámi."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni, àbí ó wọkọ̀?"

Lọ́dún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláoyè, ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, lọ sí ìpàdé kan lókè òkun. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé yunifásítì tó bá mọ iyì ara rẹ̀ ti ń wọn èéfín ara rẹ̀: gbogbo afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná, tó ń ti ara ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé ìdáná wọn jáde. Àjọ kan sì wà tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ tí èéfín rẹ̀ bá kéré jù lọ ní àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n kún inú ọ́fíìsì rẹ̀ débi pé àlejò kì í ríbi gbé ife tíì kalẹ̀. Bó ṣe dé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní, "A máa wọn èéfín wa!"

"Àmín!" ni gbọ̀ngàn dáhùn. Kò sí ohun tí wọn kì í ṣe àmín sí níbẹ̀.

Ìdíátù ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n ní nítorí pé ó mọ kẹ́mísírì ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun nìkan ni kò lè sọ pé rárá.

"Ìdíátù," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "bí a bá gba àmì ẹ̀yẹ yìí, ìwé rẹ ti jáde nìyẹn. Mo ti sọ ọ́."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Lọ wọn èéfín."

Èéfín kò ṣeé gbé lé òṣùwọ̀n bí ẹran. Ohun tí èèyàn sun ni wọ́n ń kà: dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì ìdáná, epo ọkọ̀, igi. Iye afẹ́fẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú jáde ti wà nínú ìwé, ó ku kí èèyàn ṣírò. Ìdíátù kọ́kọ́ lọ bá Olúwagbénga, atọ́jú jẹnẹrétọ̀. Ó bá a níbi tó sùn sí lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó tutù bí òkú.

"Bọ̀dá Gbénga, báwo lẹ ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀ sí lójúmọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ sùn tì yìí."

"Áà, èyí?" Ó wò ó bí ẹni pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Bí Ọ̀gá bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà, mo máa ń tàn án. Bó bá ti ṣe tán, ó ní kí n pa á. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, á máa pariwo bíi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo bù sínú táǹkì."

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ní àbẹ̀bẹ̀, jàre."

Bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo. Bọ́ọ̀sì kan kò ní ẹ́ńjìnnì, èkejì kò ní táyà, ẹ̀kẹta ní ohun gbogbo àfi epo. Nílé ìdáná, gàrí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà, gàrí kò sì nílò iná. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lára gbogbo ògiri, àwọn alángbá ló ń gbénú wọn. Nígbà tí Ìdíátù ṣírò tán, ó tún un ṣírò, nítorí ó rò pé òun ti ṣì í. Kò ṣì í. Itẹ́ òkú nìkan ló lè bá yunifásítì wọn díje. Ahun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ti sọ gbogbo wọn di ẹni mímọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń gba ayé là tó bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n fi iye náà ránṣẹ́. Àjọ náà fèsì pé ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì máa rán àlejò kan wá fojú rí i. Kí yunifásítì fi ọjọ́ lásán hàn án, kí wọ́n má ṣe yí ohunkóhun padà. Bí ohun tó bá rí bá bá èsì Ìdíátù mu, tiwọn ni àmì ẹ̀yẹ.

"Màámi, ìwé ti wọkọ̀ o!" ni Ìdíátù wí ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ràbíátù rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ikọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláoyè náà ka lẹ́tà ọ̀hún. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ "àlejò," kò sì kà á kọjá ibẹ̀.

"Sà," Ìdíátù wí, "wọ́n ní ká má yí nǹkan kan padà."

"Ìdíátù, ta ló tọ́ ẹ? Àlejò máa ti ọ̀nà jíjìn wá, ká wá jókòó tì í nínú òkùnkùn? Ká fún un ní àbẹ̀bẹ̀?"

"Sà, òkùnkùn yẹn gan-an ló ń bọ̀ wá wò."

"Kò ní bá a nílé!"

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè. Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ tirẹ̀, ó sì dáná sun ún. Nígbà tí ọjọ́ pé, jẹnẹrétọ̀ ńlá ń bú ramúramù, wọ́n sì ti háyà òmíràn wá dúró tì í. Gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn alángbá sì fò jáde pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ jíìpù lọ gbé àlejò kan ṣoṣo wá láti Gowon Estate. Igi ni wọ́n kì sábẹ́ ìkòkò ìrẹsì, nítorí ìrẹsì tí a fi igi sè kì í dójú tini. Kí àlejò má baà rí igbó, wọ́n sọ iná sí gbogbo koríko ẹ̀yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọgbà náà wá ń rú túú bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja.

"Ìdí!" Olúwagbénga ń pariwo láàrin ariwo ẹ̀rọ. "Ṣé ò ń kà á ṣá? Ìwé rẹ ló ń jó yẹn o!"

Susanna ni orúkọ àlejò náà, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti pẹ́ lókè òkun. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"Ẹ kú àbọ̀ o, mà!" Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, sà. Kí ló ń jó?"

"Ayọ̀ ni, mà."

Susanna yí gbogbo ọgbà ká, ó ka ohun tí wọ́n ń sun. Ó jẹ ìrẹsì, ó sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ló bi Ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè pé, "Sà, ṣé báyìí ni ọjọ́ lásán yín ṣe ń rí?"

Bí ó bá ní rárá, ó ti sọ fún àlejò pé inú òkùnkùn làwọn ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláoyè lè fara da ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn.

"Ojoojúmọ́ ni, mà. Bí a ṣe ń jayé wa níbí nìyí."

Susanna yíjú sí Ìdíátù. "Ẹ̀yin lẹ ṣe ìṣirò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Èyí tí mo rí lónìí jù ú lọ fíìfíì. Èwo ni ká gbà?"

Ìdíátù wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ojú náà ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó sì ń bẹ òun. Bí òun bá sọ òótọ́, bóyá àmì ẹ̀yẹ á dé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó dójú ti ọ̀gá lójú àlejò? Bí òun bá purọ́, àmì ẹ̀yẹ lọ, ìwé náà lọ. Ó gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ létí bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn òun. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bí Ọ̀gá ṣe wí ni, mà. Èmi ni mo ṣì í ṣírò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Yunifásítì náà ló gbẹ́yìn pátápátá. Ìdíátù ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn.

"Wọ́n ti wọ̀n wá!" Ọ̀jọ̀gbọ́n na lẹ́tà náà sókè. "Wọ́n wọ̀n wá mọ́ àwọn yunifásítì ńláńlá lókè òkun, tiwa ló pọ̀ jù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní a kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, ẹ ti gbọ́?"

"Àmín!"

Ó pe Ìdíátù síwájú, ó fún un ní ìwé ẹ̀rí ìmọrírì nínú férémù onígíláàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìdíátù rọra bi í nípa ìwé kejì.

"Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Àmì ẹ̀yẹ ni mo sọ nígbà yẹn, a ò kúkú gbà á. Má bínú, ó máa dáa." Ó wo òkè. "Ta ló tan iná yìí sílẹ̀? Gbénga, pa á!"

Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Ìdíátù lọ sí Ṣáṣá.

"Ìwé ọ̀hún ńkọ́?"

"Dẹ́rẹ́bà já a sílẹ̀ lọ́nà, Màámi."

Ràbíátù rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ikọ́ náà kò tètè lọ. Ìdíátù dúró títí ó fi rọlẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ká apá aṣọ sókè.

"Ẹ máa lọ sílé, Màámi."

"Ìwọ oníyunifásítì? Ata á wọ̀ ẹ́ lójú."

"Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ìdíátù yí ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi gbaná. Pù-pù-pù-pù. Ó yí ojú kúrò níbi èéfín, ó lọ ata tó wà nílẹ̀ ní abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó dé wọn fún àwọn tó ni wọ́n. Nígbà tó tán, ó pa ẹ̀rọ. Ó da omi sí i lẹ́nu, ó fọ èèpo ata kúrò lára irin, ó fi àkísà nù ún gbẹ. Ó wá ohun tó máa fi dé ẹnu rẹ̀, kí alángbá má baà kó sí i. Férémù ìwé ẹ̀rí náà ṣe é gẹ́lẹ́. Ó gbé òkúta lé e, ó gbálẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.