Níbo Lẹ Kó Àwọn Tó Kù Lọ?

Ilé mọ́kànlá la wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ilé mọ́kànlá ló sì parọ́ fún wa. Kì í ṣe irọ́ burúkú o. Irọ́ ọ̀wọ̀ ni, irú èyí tí èèyàn ń pa fún àlejò tó mú bírò dání.

Dámilọ́lá ló ni bírò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn níbí ní Èrúwà. Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n gbé fún un ni pé kí làwọn tó ń sin adìyẹ ní Ìbàràpá ń ṣe kí ọ̀fìnkìn ẹyẹ, àrùn tí rédíò ń pariwo rẹ̀, má baà wọ àárín ọ̀sìn wọn. Èmi ò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Adìyẹ ni mò ń sìn, mo sì ń ta ẹyin. Ẹyin ló wá rà tó fi gbọ́ pé kò sí abà tí mi ò mọ̀ láti Èrúwà dé Tápà, ló bá bẹ̀ mí pé kí n máa mú òun wọlé tọ àwọn èèyàn. Mo pọn Fàrúkù, ọmọ mi, sẹ́yìn, a gun ọ̀kadà.

Dámilọ́lá fẹ́ràn ẹyẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá rí lékèélékèé lẹ́yìn màlúù, àfi kí ọlọ́kadà dúró. Tá a bá dé agbo ilé, adìyẹ ló máa kọ́kọ́ kí.

Mo ní, "Dámilọ́lá, kúnlẹ̀ kí èèyàn ná. Adìyẹ ò ní bínú."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Fàrúkù. Wọ́n rẹwà ni."

Ìbéèrè tó kọ sínú pépà kò le. Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá di adìyẹ mú? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa ń ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa ń ri òkú rẹ̀ mọ́lẹ̀? Bàbá kan ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ìbéèrè yẹn tó délẹ̀, adìyẹ tó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà sì wà lórí ààtàn lẹ́yìn rẹ̀, ajá ń fà á kiri. Dámilọ́lá kọ bẹ́ẹ̀ ni sílẹ̀.

Nígbà tá a jókòó sábẹ́ igi kajú kí n lè fún Fàrúkù lọ́mú, mo sọ fún un pé, "Ohun tó o fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń sọ fún ẹ."

Ojú rẹ̀ fà ro. "Kí ni ká wá bi wọ́n?"

Tí mo bá dáhùn, ìtìjú ara mi ló máa jáde. Kí n tó bí Fàrúkù, adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú nílé wa. Lúkúlúkú là ń pè é, àrùn tó máa ń gbá adìyẹ tó kún ilé lọ. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lèmi náà ṣe: mo kó mẹ́ta tí nǹkan kan kò tíì ṣe sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé wọn sá lọ sọ́dọ̀ ìyá mi lábà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí tèmi fi kú níbẹ̀. Ti ìyá mi náà tẹ̀ lé e, títí kan èyí tó ń sàba lórí ẹyin. Òpìpí ni ìyá mi ń sìn, adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kì í bo ara. Ọwọ́ ìyá tiẹ̀ ló ti gbà á. Irú yẹn ti parí nílé wa. Ìyá mi kò bá mi wí rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo sọ ọ́ fún Dámilọ́lá bó ṣe rí. Mo ní, "Má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń fọwọ́. Bi wọ́n pé nígbà tí adìyẹ kú gbẹ̀yìn, níbo ni wọ́n kó àwọn tó kù lọ."

Láti ilé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde. "Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Láńlátẹ̀." "Ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ mi." Kò sẹ́ni tó fi pa mọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun burúkú ni. Bírò Dámilọ́lá kò lè sáré tó ẹnu wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì la dé abà Ìyá Múíbì, lẹ́bàá Tápà. Òkú adìyẹ mẹ́rin wà nílẹ̀. Mẹ́fà ààyè wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí ọlọ́kadà kan ń dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó fẹ́ gbé wọn lọ fún Sìdí, ọmọ Ìyá Múíbì, ní Igbó-Ọrà. Sìdí alára ń sin adìyẹ tó lé ní ogún, àtọmọdọ́mọ àwọn tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà kan. Dámilọ́lá ṣí ìwé rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo fọwọ́ kàn án pé kó dúró, mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ yìí kalẹ̀."

"Ìwọ lo bá mi sìn wọ́n ni?"

"Rárá, Màmá."

"Tíná bá ń jó ilé, ṣé a kì í kó ẹrù tó kù jáde? Àbí kí n máa wò wọ́n títí wọ́n á fi kú tán?"

"Ẹrù kọ́ lẹ kó, Màmá. Ògúnná ni. Ilé Sìdí lẹ fẹ́ gbé e lọ."

Mo ro ti ìyá mi fún un, mi ò fi ẹyin tó wà lábẹ́ àgbébọ̀ pa mọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀yin ìyá, oòrùn ń mú o. Ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n tú u?"

Ìyá Múíbì wò mí, ó wo ọmọ ẹ̀yìn mi. Ó pòṣé. "Tú u. Tí wọn ò bá kú, ọmọ yìí, màá pè ẹ́, wàá sì gbọ́ tẹnu mi."

Dámilọ́lá wọ ìbọ̀wọ́, a gbẹ́ kòtò jíjìn, a sin mẹ́ta nínú òkú náà. A fọ apẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kadà, a sì pe dókítà ẹran. Ó mú òkú kẹrin lọ yẹ̀ wò. Lúkúlúkú ni, kì í ṣe ọ̀fìnkìn ẹyẹ. Ṣùgbọ́n Dámilọ́lá ní ẹ̀yìn ọ̀kadà kan náà ni àrùn méjèèjì ń gùn.

Ọjọ́ kẹrin ni Ìyá Múíbì pè.

"Gbogbo wọn ti kú," ó ní. "Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà." Ó ní, "Ti Sìdí ń jẹun. Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ wọn, mo gbọ́ igbe wọn."

Ìwádìí Dámilọ́lá ti parí, ó sì kọ orúkọ mi sí iwájú ìwé náà, orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ òjò kejì dé, tí dókítà ẹran sọ pé àrùn ti kúrò ní abà Ìyá Múíbì, tó sì ti fún adìyẹ Sìdí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn gbé àkùkọ kan àti abo méjì láti Igbó-Ọrà padà sábà. Ìyá Múíbì jáde wá sójú ọ̀nà, ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, ó sì ń pe àwọn ará abà pé kí wọ́n wá wo irú adìyẹ òun, pé kò run.